Ọwọ́ Méjì Lórí Òkúta

Ìlà tó kẹ́yìn ni Dókítà Mọnínúọlá wà nínú ìṣírò náà nígbà tí ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lóṣòó sórí sìmẹ́ǹtì ibùdókọ̀ ojú irin, ó ti kọ nọ́ńbà kún ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òpó kan dé èkejì, gbogbo ará Àgó-Ìtàkùn sì tò yí i ká. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń kọ nínú wọn, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Wọ́n ti di ẹrù tán. Ìkòkò wà nínú agbọ̀n, ewúrẹ́ wà nínú okùn, pátákó tí ń gba oòrùn tí wọ́n tú lórí òrùlé wà lórí ọmọlanke. Ọkọ̀ ojú irin tó máa kó wọn lọ ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò tíì ṣí. Kò sì ní í ṣí, àfi tí ọwọ́ ọ̀mọ̀wé kan àti ọwọ́ ẹnjiníà kan bá kan òkúta Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ àríyànjiyàn àwọn méjèèjì kí iṣẹ́ wọn tó fìdí múlẹ̀, nínú yunifásítì tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ náà. Ọwọ́ Mọnínúọlá ni ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Dókítà, ọmọ mi, mò ń wò ọ́ o," ni Baálẹ̀ Oyèdíjọ wí. Orí àpótí ló jókòó sí, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orókún. "Ẹ̀rọ yín ní kí á kúrò nílùú. Mo gbọ́. Ìwọ ni mo ní kí o fi hàn mí bí o ṣe mọ̀."

"Mo ti ń parí rẹ̀, Baba."

"Nígbà tí mo wà ní géńdé, ẹ̀rọ kan ní odò ń bọ̀ wá gbé wa lọ. A sá. Odò kò wá. Nígbà tí a máa fi padà, wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà sórí sàréè bàbá mi." Ó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Torí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin ọwọ́ méjì. Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi, ẹnu ni mo fẹ́. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ẹnu ara rẹ̀ wí fún mi, láì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ yẹn nínú àwọn èèyàn mi."

Mọnínúọlá tẹ̀ba, ó kọ nọ́ńbà tó kù. Ó wò ó. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà wọn ti ń sọ láti oṣù tó kọjá ni pé ilẹ̀ Àgó-Ìtàkùn yóò wó sínú ihò kí òjò ọdún yìí tó dá. Ohun tó kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú ìlànà tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ní ìlú yóò dúró bó ṣe wà, mìmì kan kò ní mì í.

Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ nu ún rẹ́ kí ó tó mọ̀ pé òun ń nu ún.

"Kí lo pa rẹ́ yẹn?"

"Mo ṣì í kọ ni, Baba. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mò ń bọ̀."



Ó dìde láàárín wọn, ó ń rìn, ó ń sáré, kò mọ èyí tó ń ṣe nínú méjèèjì. Ewúrẹ́ ẹnìkan dábùú ọ̀nà, ó fò ó kọjá bí ọmọdé, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ní yunifásítì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé òun ti ń darúgbó ni? Àbí oòrùn ló ń pa òun?

Àwọn baba ńlá àwọn tó di ẹrù sílẹ̀ yẹn ló wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì lábẹ́ ìlú, nígbà tí gbogbo ayé ń du òkúta náà bí ẹni ń du ẹran ọdún. Wọ́n wà á, wọ́n tà á, wọ́n jẹ owó rẹ̀ tán, wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún ọmọ. Mọnínúọlá ló wá ìlànà tí a fi ń mọ ìgbà tí orí irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò wó. Akínlàjà, ẹnjiníà tí òfin so mọ́ ọn, ló sọ ìlànà náà di ètò tí kọ̀ǹpútà lè lò. Wọ́n ri àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń fetí sílẹ̀ mọ́ abẹ́ ìlú, àwọn ẹ̀rọ náà ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń kùn, ètò sì ń ṣírò. Gbogbo ohun tí ètò náà bá sọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú yóò rì, pápá rì. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ìlànà náà ní Òṣùwọ̀n Mọnínúọlá, tí wọ́n sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí ìyá náà kò dé rí.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìkàwé, ó tún ìṣírò náà ṣe sára ògiri. Ìlú yóò dúró. Ó kọjá abẹ́ igi máńgòrò, ó ká aṣọ sókè, ó tún un ṣe sí apá ara rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wò ó, wọ́n ń fi ara tọ́ ara. Ìlú yóò dúró. Nígbà náà ni òtútù mú un nínú oòrùn. Òun kọ́ ló ṣì í kọ. Ohun tí ètò náà ń ṣe kì í ṣe ohun tí òun kọ sínú ìwé.

Níwájú Ilé Ẹ̀rọ, ọkùnrin kan dúró ti ẹ̀rọ omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Ó ń fi ọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ kò dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé kò ní í dá òun lóhùn, ẹni tó bá ń bọ̀ ló ń dúró dè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ti kú."

Mọnínúọlá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, omi tú jáde. Ẹnjiníà ni ọkùnrin náà rí, wọ́n ní ó fi nǹkan kan pamọ́ fún Ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn kan kì í ṣí fún un mọ́, ọkọ̀ kì í gbé e, ilé ìtajà kì í tà fún un, àfi tí aláàánú kan bá bá a fi ọwọ́ kàn án. Kẹ́ẹ̀gì náà kò tètè kún. Ara ń ta Mọnínúọlá bí ẹni tí ìjàlọ ń rìn lára rẹ̀, àmọ́ tó bá gbé ọwọ́ kúrò, omi á dá.

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí tiyín kú, mà," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó kún.

"Àmín," ló wí, ó sì wọlé.

Ó bá Akínlàjà níbi tó ti ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ọkùnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ètè. Bó ṣe rí i, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́, ẹ̀pà dà sílẹ̀.

"Dìde. Nọ́ńbà wo ni ètò rẹ fi ń ṣírò agbára ilẹ̀ pupa?"

"Tiyín ni, mà."

"Tèmi wo? Mo ti ṣe é sílẹ̀, mo ṣe é sí ògiri, wò ó lápá mi níbí. Tèmi ní Àgó-Ìtàkùn yóò dúró. Tìrẹ ní yóò wó. Ta ló ń parọ́ nínú àwa méjèèjì?"

Akínlàjà wo bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Mi ò ní kí o bẹ̀ mí. Mo ní kí o dá mi lóhùn."

"Ilẹ̀ tí ẹ wọ̀n, ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni, mà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ọ̀nà kùsà kì í ṣeé gbà nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín máa ń lọ bu ilẹ̀ wá. Gbígbẹ ni wọ́n bù ú, ó tún wá gbẹ sí i nínú àpò. Ilẹ̀ pupa tó gbẹ á ru erin. Kí òjò ó rin ín wọnú, kò lè ru ewúrẹ́. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín, ti gbígbẹ ni. Mo... mo fi ti tútù rọ́pò rẹ̀ nínú ètò."

"Ìgbà wo?"

"Ọdún tí mo dé, mà."

Mọnínúọlá wá ibi tó máa jókòó sí, kò jókòó. Ojú tì í, inú sì bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Gbogbo àtẹ́wọ́ tí wọ́n ti ń pa fún un láti ìgbà náà ń dún padà sí i létí. Pápá tó rì, nọ́ńbà Akínlàjà ló rí i ṣáájú.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo wá sọ ọ́, mà. Ọjọ́ tí mo wá, ilé yín kún fún àlejò, wọ́n wá kí yín láti ìlú òkèèrè nítorí ìwé yẹn gan-an. Ẹ dì mọ́ mi níwájú wọn. Ẹ ní, 'Ẹ wá wo ọmọ mi o.' Ẹ tún bu oúnjẹ fún mi." Ó gbójú sókè. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu tó jẹ oúnjẹ yín sọ ọ́? Ilé ire ni wọ́n ti bí mi, mà. Mo bá ní kí n tún un ṣe jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ètò bá ṣáà ti ń sọ òótọ́, ṣebí òótọ́ náà là ń wá? Kí n sì bo àṣírí ìyá mi."

Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Tí àgbà bá so bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ lódìlódì, a ó yí i sẹ́yìn ògiri, a ó bá a tún un so, a ò ní pariwo lọ́jà. Ṣùgbọ́n aṣọ nìyẹn. Ìlú kì í ṣe aṣọ.

"Ìlú Òkè-Ọ̀fàfà ńkọ́?" ni Mọnínúọlá bi í.

"Mà?"

"Àwọn ará yunifásítì mìíràn ṣe ètò tiwọn níbẹ̀, Akínlàjà. Ìwé mi ni wọ́n lò, wọn kò lo nọ́ńbà tìrẹ. Nọ́ńbà inú ìwé ni wọ́n fi ní Òkè-Ọ̀fàfà kò ní wó. Èmi fúnra mi lọ bá wọn ṣe ìdúpẹ́. Mo jó! Mo ní kí wọ́n lọ sùn, kí wọ́n nasẹ̀. Ihò kan náà ló wà lábẹ́ wọn, òjò kan náà ló sì ń rọ̀."

Ó hàn gbangba pé Akínlàjà kò rò ó débẹ̀ rí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá tò sílẹ̀ lójú Mọnínúọlá. Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ le: àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́ níwájú Ẹlẹ́rìí kì í pa iṣẹ́, ẹni tó fi pamọ́ ló ń pa ọwọ́ rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, Àgó-Ìtàkùn yóò là, Akínlàjà yóò là, orúkọ òun yóò mọ́, Òkè-Ọ̀fàfà yóò sì wọlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó sùn síbẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́, ìlú méjèèjì là, ọwọ́ ọmọ yìí kú. Ìjẹta ni Ìbírónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bímọ. Bàbá ọmọ tuntun tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, tí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì dúró níta máa retí aláàánú. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún òun.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, mà."

"Panu mọ́." Ó ti rí ọ̀nà kan. Kò dára, àmọ́ ọ̀nà ni. "Tí a bá dé iwájú Ẹlẹ́rìí, èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ, kí o ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà," ni Akínlàjà wí. Ìdáhùn tó mọ̀ ọ́n sọ jù lọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Yàrá Ẹlẹ́rìí kò tóbi. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Òkúta dúdú kan, tó tó ọlọ ìyá àgbà, wà lórí òpó kúkúrú kan láàárín yàrá, ojú ọwọ́ méjì sì wà lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà ni àga méjì wà tó kọ ẹ̀yìn síra. Àwọn tó ṣòfin yẹn mọ̀ wá o. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kò lè wo ojú àgbà kí ó ní "kò rí bẹ́ẹ̀," wọ́n bá ní kí oníkálùkù máa wo ògiri tirẹ̀. Ohun tí wọn kò rò ni pé ọmọ tí a kọ́ á bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yìn àgbà náà.

Wọ́n jókòó. Ilẹ̀kùn pa dé.

"Ẹ káàbọ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí, ohùn obìnrin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Kò sí iṣẹ́ ènìyàn méjì tí kò ní àríyànjiyàn. Akínlàjà, ẹ̀yin lẹ kéré, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Kí ni ẹ kò gbà nínú iṣẹ́ Dókítà?"

"Wọ́n máa ń... wọ́n máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá èsì padà."

"Ìyẹn kì í ṣe àtakò, ìwà ọmọlúwàbí ni. Dókítà?"

Mọnínúọlá mí kanlẹ̀. "Nọ́ńbà agbára ilẹ̀ tó wà nínú ìwé mi kò tọ̀nà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo wọ̀n. Èyí tó wà nínú ètò Akínlàjà ló tọ̀nà. Ìlú tó bá ń lo ìwé mi wà nínú ewu, Òkè-Ọ̀fàfà ni àkọ́kọ́. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́."

Òkúta náà dá a lóhùn. "Mo ti ránṣẹ́. Nọ́ńbà ìwé àti nọ́ńbà ètò ti yàtọ̀ síra fún ìgbà pípẹ́. Ta ló fi í pamọ́?"

"Èmi ni. Ó wá sọ fún mi, mo ní kó tún un ṣe kó sì dákẹ́. Orúkọ mi ni mo ń dáàbò bò. Mo dẹ́rù bà á."

Irọ́ náà rọrùn lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ. Òun ti jẹ ayé díẹ̀, kò sí ọmọ ọwọ́ kankan tí ń dúró de òun nílé. Kí ọwọ́ tó bá máa kú jẹ́ èyí tó ti gbó.

"Akínlàjà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mọnínúọlá gbọ́ tí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dún. Ó wúkọ́, irú ikọ́ tí àwọn ìyá máa ń wú tí ọmọ bá fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ níwájú àlejò. Sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, péré. O kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni," ni Akínlàjà wí.

"Akínlàjà!"

"Irọ́ ni, mà! Irọ́ lẹ pa!" Ohùn rẹ̀ ti kọjá ètè lónìí, ó ń kan àjà. "Ẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo fi pamọ́. Ẹ sì ń ṣe báyìí nígbà gbogbo, ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹrù gbogbo ènìyàn, ẹ kì í bi wọ́n bóyá wọ́n lórí! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ní kí ẹ jẹ́ ká lọ wọ kùsà nígbà òjò? Ẹ ní ọ̀nà kò dáa. Ọ̀nà kọ́! Ẹ kò fẹ́ mọ̀ ni! Ìwé ti jáde, àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́!"

"Èmi? Èmi ni mi ò fẹ́ mọ̀?"

"Ẹ̀yin kẹ̀ẹ̀!"

Mọnínúọlá dìde, ó yí padà. Akínlàjà ti dìde náà. Wọ́n ń wo ojú ara wọn, ohun tí òfin kò tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣe.

"Ìwọ ńkọ́?" ló wí. "O rí i pé mo ń ṣìnà, o ń bá mi ṣẹ́ igi kúrò lójú ọ̀nà kí n lè máa ṣìnà lọ! Ta ló ní mo fẹ́ irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀? Odidi ìlú ń sùn lórí ihò nítorí o jẹun nílé mi!"

"Mo mọ̀!" Omi ti dé ojú Akínlàjà. "Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n ẹ tún fẹ́ fi irọ́ bò mí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi bò yín. Mi ò gbà. Mi ò gbà rárá."

Ìmọ́lẹ̀ jíjó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lára òkúta, ó kún ojú ọwọ́ méjèèjì.

"Mo ti gbọ́ àtakò," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Iṣẹ́ yín fìdí múlẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ kan fi òótọ́ pamọ́, ọwọ́ kejì jẹ́rìí èké níwájú mi. Lẹ́yìn ìfọwọ́kàn yìí, ọwọ́ méjèèjì yóò kú, títí n óò fi tún pè yín."

Mọnínúọlá wo ọmọ náà, ọmọ náà wò ó. Wọ́n jọ gbé ọwọ́ lé e, òkúta náà gbóná díẹ̀, ó sì tutù. Wọ́n gbọ́ ariwo láti ibùdókọ̀: ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin ti ṣí.

Mọnínúọlá lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá. Kò ṣí. Ó gbàgbé ni. Akínlàjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ àkọ́kọ́ tún fi tirẹ̀ kàn án, kò ṣí. Wọ́n tún wo ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín: Mọnínúọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn, dókítà àti ẹnjiníà, bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ ilé ìdáná.

Baálẹ̀ Oyèdíjọ ló wá ṣí i. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti hun jọ, ilẹ̀kùn gbọ́.

"Ọkọ̀ ti ṣílẹ̀kùn," ló wí. "Àwọn èèyàn mi ń wò mí lójú, èmi náà ń wò ọ́ lójú. Kí lo pa rẹ́ láàárọ̀?"

Mọnínúọlá kúnlẹ̀. "Mo kọ ọ́ pé ìlú máa dúró, Baba. Nọ́ńbà mi ni kò dáa. Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wọ̀n, mi ò ka òjò sí. Ọmọ yìí ló mọ̀ ọ́n, ó bò mí láṣìírí, òun náà ṣe àṣìṣe. A ti jà tán nísinsìnyí. Ilẹ̀ yẹn máa wó. Ẹnu ara mi ni mo fi ń wí fún yín, ẹ kó wọn lọ."

Baálẹ̀ wo apá Mọnínúọlá, níbi tí ṣọ́ọ̀kì wà.

"Ẹ̀rọ tó lé wa nígbà kan yẹn," ló wí, "títí di òní olónìí, kò tíì wá bá mi pé òun ṣìṣe." Ó yíjú sí ibùdókọ̀, ó gbé ọ̀pá sókè. "Ẹ máa wọlé o! Àwọn ọmọdé ni kó kọ́kọ́ wọlé!"

Ariwo sọ, ọmọlanke bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Baálẹ̀ kò tíì kúrò.

"Àwọn Òkè-Ọ̀fàfà ńkọ́?"

"Ẹlẹ́rìí ti ránṣẹ́ sí wọn, Baba."

"Òkúta ló ránṣẹ́. Ìwọ ti jókòó tì mí lóòrọ̀, o rí bí mo ṣe gbọ́ ti òkúta sí."

Mọnínúọlá na ọwọ́ rẹ̀ hàn án. "Ọkọ̀ kankan kò ní í gbé wa, Baba."

"Ṣé ẹsẹ̀ yín náà kú ni?"

Òótọ́ ni, kò kú. Òkè-Ọ̀fàfà kò sì jìnnà ju kí wọ́n débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ, tí wọn kò bá dúró sọ̀rọ̀ lọ́nà. Akínlàjà ní kí Baálẹ̀ bá òun fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ó ránṣẹ́ sí Ìbírónkẹ́. Èsì rẹ̀ tètè dé. Ó ní ọwọ́ òun ṣì wà láàyè, òun á máa ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n kó lọ sọ fún àwọn èèyàn yẹn kó tó wálé.

Níwájú Ilé Ẹ̀rọ, òùngbẹ ìjà tí wọ́n jà mú Mọnínúọlá débi pé ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ omi. Ó dúró síbẹ̀, kò sí ohun tó kán. Ọkùnrin àárọ̀ jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lábẹ́ òjìji. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín, kò béèrè nǹkan kan. Ó dìde, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó bu omi tí Mọnínúọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn fún un láàárọ̀ sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mọnínúọlá mu ún tán. Akínlàjà náà mu.

Wọ́n dé oríta. Mọnínúọlá kò dúró, ara rẹ̀ kò jẹ́ kó dúró, ó ti ń gba ọ̀nà òsì lọ.

Akínlàjà dúró sẹ́yìn. Ó wúkọ́. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún la á.

"Rárá o, mà. Omi ti bo afárá ọ̀nà yẹn. Ọ̀tún ni."

Mọnínúọlá yíjú wò ó. Lẹ́yìn náà ó padà, ó yà sí ọ̀tún, ó sì ní kí ó máa sọ àwọn àtakò tó kù fún òun bí wọ́n ṣe ń lọ.